Lẹ́tà Kan Tó Gbé Orúkọ Lọ

Kíbọ́ọ̀dù ọ̀gá wa máa ń rùn. Ìka tó fi ń jẹ súyà ló fi ń tẹ̀wé, á lá a, á tún tẹ̀ ẹ́. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, itọ́ ìríra a máa kún mi lẹ́nu.

Ìgbà tí wọ́n gbé mi láti Ìbàdàn lọ sí ọ́fíìsì wa ní Onítsha ni. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la jọ ń lò. Ojú rẹ̀ dúdú, àṣẹ gígùn lèèyàn ń tẹ̀ sí i kó tó ṣiṣẹ́. Èmi ọlọ́gbọ́n wá gé e kúrú. Bí a bá tẹ k, ìwé tí a fẹ́ kọ á ṣí. Bí nǹkan bá gbé wa dìde, a ó dá a dúró. Bí a bá tún tẹ p, á gbé wa padà síbi tí a dé gan-an. Mo yangàn títí, àfi bí ẹni pé èmi ni mo dá iná mànàmáná sílẹ̀.

Bàbá ará Ọ̀fà kan máa ń wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí n máa bá a kọ ìtàn ayé rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìṣó àti páànù ló ń tà nígbà tí wọ́n ń tún Onítsha kọ́ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí owó epo sì dé. Ìrántí rẹ̀ ti ń jò. Ohun tó dùn ún jù ni orúkọ ará Onítsha tó bá a tọ́jú ọjà tó sá fi sílẹ̀ títí ogun fi parí, tó sì kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Orúkọ náà ti fò ó, àwọn tó mọ ọkùnrin náà sì ti kú tán. Bàbá a máa ní, “Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.”

Lọ́jọ́ kan, orúkọ náà ṣàdédé bọ́ sí i lẹ́nu, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán ni ọ̀gá ní kí n lọ ra súyà wá. Mo dá ìwé náà dúró, ọkàn mi balẹ̀: p kúkú wà.

Nígbà tí mo dé, mo tẹ p. Ìwé òfìfo ló yọ. Ọ̀gá ti jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo jáde, ó ti yí p padà pé kó máa kọ́kọ́ pa ohunkóhun tó bá dúró rẹ́.

“I no wan see another person paper for my screen,” ó wí, ó nawọ́ gba súyà rẹ̀.

Mo bẹ Bàbá pé kó tún orúkọ náà pè. Ó tún ti fò ó. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ pàápàá kò rántí, kọ̀ǹpútà ni mo gbé e lé lọ́wọ́.

Akọ̀wé wa obìnrin, ọmọ Ígbò, káwọ́ lérí, ó bá a kẹ́dùn. “Chai! Papa, ndo.”

Bàbá kọjú sí ọ̀gá. “Ọmọ mi, olóore mi lo pa yẹn.”

Ọmọ Abẹ́òkúta ni ọ̀gá yìí o, Yorùbá yé e yékéyéké. “Old man, na ordinary name,” ló fi dá àgbà lóhùn, ẹran ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó rí mi lára débi pé mo jáde lọ tutọ́.

Bàbá ti di olóògbé báyìí. Mo ṣì ń lo p lórí kọ̀ǹpútà tèmi, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Ohun tí a kọ lọ́jọ́ yẹn nìkan ló parẹ́; ìwé ìtàn náà wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá. Orúkọ gbogbo èèyàn ló wà nínú rẹ̀, tó fi mọ́ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sá lọ. Níbi tó ti yẹ kí olóore yẹn wà, “ọkùnrin kan” la kọ síbẹ̀.