Mọ́nítọ̀ Àbúrò Mi

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi lẹ́ran láyà dáadáa, ẹni tó bá rí mi á jẹ́rìí sí i, síbẹ̀ mo jowú àbúrò mi débi pé oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe nítorí ọkọ, kì í ṣe nítorí ilé. Mọ́nítọ̀ ló fà á, ojú kọ̀ǹpútà lásán tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì.

Bàbá wa ló jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni Dádì kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti pinnu pé òun máa sọ ìtàn ayé òun sínú ìwé kí òun tó lọ. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ló máa ń wá sílé mi ní Ìlobù. Òun á jókòó, á máa sọ ọ́, èmi á gbé láptọ́ọ̀pù mi lé ẹsẹ̀, màá máa tẹ̀ ẹ́: bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ kọ́ àwọn ọmọ lábúlé, bí àwọn òbí ṣe ń fi iṣu ta á lọ́rẹ, bí ejò ṣe wọ kíláàsì lọ́jọ́ tí aláyẹ̀wò wá. Èmi ni àkọ́bí. Ní Sátidé, èmi nìkan ni mo ni bàbá mi.

Láptọ́ọ̀pù mi nìkan ni ìṣòro. Ó ti dàgbà. Ojú rẹ̀ kéré, igun kan níbẹ̀ ti dúdú bí ẹni pé wọ́n da tàdáwà sí i. Tí mo bá tẹ ojú ìwé kan tán, tí mo yí i sí Dádì pé kó wò ó, á sún mọ́ ọn, á tún fà sẹ́yìn, á wá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Mo mọ̀ pé kò rí i kà, láptọ́ọ̀pù ni mo sì ń di ẹ̀bi rù.

Àbúrò mi tó lọ́kọ sí Ìfọ́n, tíṣà lòun náà bíi tèmi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó pè mí lórí fóònù pé òun ti ra mọ́nítọ̀ ńlá kan, òun sì ti so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù òun. Mo ní, "O kú ìnáwó o. Olúwa á jẹ́ kó tọ́jọ́." Ẹnu lásán ni. Ó ní Dádì ti wá wò ó, pé lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí àtàǹpàkò, pé Dádì ń kà á geere. Nígbà tó di Sátidé, mo po ògì, mo din àkàrà, mo ń retí. Dádì ò dé. Mo pè é, ó ní Ìfọ́n lòun wà. Sátidé kejì, Ìfọ́n. Ẹ̀kẹta, Ìfọ́n.

Inú bí mi. Mo dá gbogbo àkàrà náà jẹ. Kí ni àbúrò mi mọ̀ nínú ìtàn Dádì? Èmi ni wọ́n bí nígbà tó ṣì ń kọ́ni lábúlé, èmi ni mo mọ bí ilẹ̀ ilé tí a gbé níbẹ̀ ṣe tutù. Ìgbà tí wọ́n fi máa bí òun, a ti wà nígboro. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí iná ọba má máa wá ní Ìfọ́n lọ́jọ́ Sátidé. Ìwà ìkà ni, mo mọ̀. Àdúrà náà ò tiẹ̀ wúlò, torí sólà ni wọ́n ń lò nílé àbúrò mi.

Mo lọ kí i. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Mo fọwọ́ kàn án léjìká, àmọ́ ojú mi ti kọjá orí rẹ̀ wọ pálọ̀. Mọ́nítọ̀ náà wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Ǹ bá bi í pé, "Irú èwo ló yẹ kí n rà?" Ì bá sọ fún mi, tayọ̀tayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti kékeré, òun ló ń bi mí léèrè: iṣẹ́ àṣetiléwá, bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, ohun tó máa sè fáwọn ará ilé ọkọ. Èmi ẹ̀gbọ́n á wá máa bi àbúrò? Ó yí padà láti bu omi wá fún mi, mo yọ fóònù, mo ya iwájú mọ́nítọ̀ náà, mo ya ẹ̀yìn rẹ̀, mo ya orúkọ tí wọ́n kọ sí i. Nígbà tó dé, mo ní aago ni mò ń wò.

Ní Fúráìdè, lẹ́yìn tí a jáde nílé ìwé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo, sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, mo ní mọ́nítọ̀ ni mo wá rà.

"Mọ́mì, láptọ́ọ̀pù yín dà?" ló fi dá mi lóhùn. "A máa ń dán an wò kí ẹ tó gbé e lọ ni."

Láptọ́ọ̀pù mi wà nílé. Ojú ló tì mí láti gbé e jáde. Lẹ́tà kan ti já dànù níbẹ̀, rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mò ń tẹ̀, okùn ni mo sì fi dè é níbi tó ti ń ṣí. Mo na fóònù sí i. "Irú èyí gan-an ni mo fẹ́."

"Irú ihò wo ló wà lára tiyín?"

"Irú èyí tó wà lára ti gbogbo ayé."

Ó wò mí bí èmi ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé wá. Ó ní irú rẹ̀, ó tà á fún mi. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí dé Ìlobù, mi ò jẹ́ kí agbọ̀n ẹnikẹ́ni kàn án.

Nígbà tí mo délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù mi. Ihò kan ṣoṣo tó wà lára mọ́nítọ̀ náà pẹlẹbẹ, òun ni wọ́n ń pè ní HDMI. Tara láptọ́ọ̀pù mi fẹ̀, aláwọ̀ búlúù, ihò wínníwínní ló kún inú rẹ̀, VGA àwọn ará àtijọ́. Mo ki wáyà tó bá mọ́nítọ̀ náà wá bọ̀ ọ́. Mo dà á dojú dé, mo tún kì í. Mo bú u. Mo ti fi gbogbo ojú wo ohun tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi, mi ò wo tèmi fún ìṣẹ́jú kan. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo fi ìró di méjèèjì, mo padà sí Òṣogbo. Ọkùnrin náà dojú láptọ́ọ̀pù mi dé, ó fìka kan ihò búlúù yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀." Ó fa mọ́nítọ̀ àgbà kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó fẹ̀, ó wúwo, ó ní ihò búlúù tirẹ̀. Ó so wọ́n pọ̀, iṣẹ́ mi sì yọ sójú rẹ̀ kedere. Ó pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, ó tún kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ lẹ́tà di ńlá. Inú mi dùn bí ẹni tó borí nínú ẹjọ́.

Mo pe Dádì. "Dádì, Sátidé yìí, Ìlobù o." Ó ní kò burú.

Nígbà tó dé, ọlọ́kadà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ọ̀wọ̀ àgbà ni. Mo mú un jókòó síwájú mọ́nítọ̀, mo ti sọ lẹ́tà di gbàgbàgbà débi pé ọ̀rọ̀ márùn-ún ló kún ìlà kan.

"Ẹ wò ó, Dádì. Ó tóbi ju ti Ìfọ́n lọ." Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi.

Dádì na ọwọ́, ó fọwọ́ wá etí mọ́nítọ̀ náà títí ó fi bà á. "Ó tóbi lóòótọ́," ló wí. "Kí ni o kọ síbẹ̀?"

"Dádì, ẹ ò rí i ni?"

"Ojú mi ti lọ, ọmọ mi. Ti Ìfọ́n, mo rí i kà fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó lọ. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Àbúrò rẹ ló ń kà á sí mi létí. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ọ, o ò ní jẹ́ kí n jáde nílé mọ́."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Kì í ṣe ojú Dádì ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ bá. Ohun tó kọ́kọ́ gún mi ni pé àbúrò mi mọ̀, èmi ò mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi tó bọ́ lójú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo tẹ̀ síbẹ̀ kíákíá kó má bàa gbọ́ ẹkún lóhùn mi. Ibi tí ó ti sọ nípa ìgbéyàwó òun àti ìyá wa, tó ti dolóògbé, ni mo já sí. Mo ń sáré kà á lọ.

Dádì gbé ọwọ́ sókè. "Rọra. Àbúrò rẹ kì í kà á báyìí. Ó máa ń dúró díẹ̀ níbi tí ìyá yín bá wà."

Mo padà sókè ojú ìwé náà. Mo kà á dé ibi tí orúkọ ìyá mi wà, mo sì dúró.