Ọ̀rọ̀ Tí Eutimio Fi Wọn Bàbá Rẹ̀

"Mi padre es alto," ni Eutimio Cabrales kọ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ní kíláàsì mi. Ìyẹn ni pé bàbá òun ga; ẹni tó ga là ń pè ní alto. Leocadio bàbá rẹ̀ kò sì ga tó èjìká mi.

Mo fi báírò pupa fà á. "Bajo la fi ń pe ẹni tó kúrú. Alto wà fún ẹni tó ga. Èwo ni ti bàbá ẹ?"

"Bajo, Tíṣà."

"Kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́."

Ó kà á. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo gbà pé iṣẹ́ mi ni mo ṣe.

Lógún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n fi í ṣe ẹni tí ń wọn àwọn ọkùnrin tó ń ru ère Màríà kiri ìlú wa ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Igi ni wọ́n ń gbé lé ẹ̀yìn ọrùn, lábẹ́ aṣọ tó bò wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn tó bá sì wà nídìí igi kan náà gbọ́dọ̀ ga bákan náà. Àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n, lójú gbogbo ènìyàn, tí ẹni tó ń wọ̀n wọ́n á sì pe ọ̀rọ̀ kan sókè: alto, bajo, tàbí mediano fún ẹni tó wà láàárín. Ẹni tó bá gbọ́ bajo, ilé ló ń lọ.

Lọ́dọọdún ni Leocadio ń gbọ́ ọ. Lọ́dún yẹn, ó tún dúró sídìí ọ̀pá ìwọ̀n.

"Ẹ tún dé, Bàbá?" Evelio alápatà ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ò bá gbé àpótí dání."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Eutimio wo bàbá rẹ̀, ó wo èmi náà.

"Mediano," ló pè.

Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí kì í gbójú fo àṣìṣe ẹnikẹ́ni, mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ ìrìn náà, níbi tí òpópónà ti gun òkè, Evelio, tó wà nídìí igi kan náà pẹ̀lú Leocadio, kúnlẹ̀ lójijì lábẹ́ ẹrù. Wọ́n sọ ère kalẹ̀. Leocadio yọ jáde lábẹ́ aṣọ. Kò sí òógùn kankan lọ́rùn rẹ̀.

"Ta ló wọ̀n yín?" Ọ̀gá wọn ló béèrè.

"Ọmọ mi ni. Ẹ má bá a wí. Látìgbà tá a ti gbéra ni igi ò ti kàn mí. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

Evelio di ọrùn mú. "Abájọ. Ẹ̀ ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi ò rí èémí mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Eutimio ò gbé ojú sókè.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá a nílé. Ojú tì mí, ìyẹn ni mo fi sọ èyí tó ti mọ́ mi lára. "Bajo ló yẹ kó o pè."

"Mo mọ̀, Tíṣà. Mo ti kà á sókè rí."

Leocadio kò dé àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìlú Almería ni Eutimio wà báyìí, níbi iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di tòmátì sínú àpótí. Ó ń ṣa èyí tó tóbi sọ́tọ̀, ó ń ṣa èyí tó kéré sọ́tọ̀.