Ọwọ́ Tó Dúró Lẹ́nu Géètì

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi wọ aṣọ ológun, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú bárékè. Màmá Géètì ni gbogbo wọn ń pè é, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ títí dé orí dókítà. Sájẹ́ńtì ni. Ìlà mẹ́ta ló wà lápá aṣọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ló sì rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún tó gbà á.

Kí ó tó dé ẹnu géètì, ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun bí a ti ń kí ọ̀gá. Orúnkún tó ń dùn ún ló lé e kúrò lórí pápá. Àwọn tó kọ́ kò gbàgbé ohùn rẹ̀. “Ẹ má wo imú ọ̀gá,” ni ó máa ń sọ fún wọn. “Imú kọ́ lẹ ń kí. Ìràwọ̀ èjìká rẹ̀ lẹ ń kí, ìlú ló sì gbé e síbẹ̀. Tí òun náà bá dá yín lóhùn, aṣọ tó wà lọ́rùn yín ló ń dá lóhùn. Ẹni tó kíni kò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó dáhùn kò sì ṣe ẹnikẹ́ni lóore.” Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ èyí tó kà sí pàtàkì jù: “Ẹni kékeré ló ń kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè, ẹni ńlá ló ń kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Tí ọ̀gá kò bá tíì dáhùn, ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ wálẹ̀. Ìbáà rẹ̀ yín.”

Ó ku oṣù márùn-ún kí ó fẹ̀yìntì nígbà tí wọ́n gbé ọ̀gá tuntun kan wá sí bárékè náà. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ìràwọ̀ mẹ́ta sì ń dán léjìká rẹ̀ bí ẹni pé ó ń fi òróró pa wọ́n láràárọ̀. Oníràwọ̀ ni àwọn ọmọ ogun sọ ọ́ lẹ́yìn. Láràárọ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ dé géètì, gíláàsì rẹ̀ á wà ní títì, fóònù á wà létí rẹ̀. Màmá Géètì á gbé ọwọ́ sétí fìlà, á kí i. Oníràwọ̀ kì í wò ó. Ìyá náà á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á sọ ọwọ́ kalẹ̀, á gbé irin ìdábùú sókè, ọkọ̀ á sì kọjá.

Kọ́púrà tó ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú ìwé kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dà bíi pé gíláàsì lẹ ń kí.”

“Kọ nọ́ńbà rẹ, ẹlẹ́nu.”

“Mo ti kọ ọ́. Ṣé kí n kọ ọ́ síbẹ̀ náà pé gíláàsì ní ẹ kú àárọ̀?”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Àlejò ni. Yóò kọ́.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, àlejò kò kọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ ló bí Màmá Géètì nínú. Ọmọ ogun àgbà kan wà tó ń gé koríko etí ọ̀nà. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti yẹ̀ lójú ogun, kò sì padà sípò dáadáa mọ́. Tó bá ń kí ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ kì í kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ọ̀gá ló sì mọ̀, wọn a máa dá a lóhùn bí ó ti rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Oníràwọ̀ dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá nìyẹn? Tún un ṣe!”

Bàbá náà tún un ṣe. Ọwọ́ kò dé ibi tó yẹ.

“Gbé e sókè! Tún un ṣe!”

Nígbà kẹta, bàbá náà di ẹnu pọ̀, ó sì ti ọwọ́ náà dé etí fìlà. Òógùn bò ó. Oníràwọ̀ wo aago rẹ̀, ó kẹ́yìn sí i, ó wọ ọkọ̀ lọ. Kò dáhùn ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọwọ́ bàbá ṣì wà létí fìlà nígbà tí eruku ọkọ̀ bò ó.

Màmá Géètì rí gbogbo rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Kọ́púrà ní ojú tó fi wo ọkọ̀ náà lọ ló ba òun lẹ́rù.

Òfin géètì kò gùn. Ẹni tó bá wà nídìí irin ni yóò kí ọ̀gá, tí kíkí bá parí ni yóò gbé irin sókè, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Oníràwọ̀ dé. Ọwọ́ Màmá Géètì lọ sókè. Ó dúró síbẹ̀.

Oníràwọ̀ fun fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó fun ún lẹ́ẹ̀kejì. Gíláàsì sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

“Sájẹ́ńtì! Ṣé o ò rí mi ni?”

“Mo rí yín, sà. Mo ń kí yín.”

“Gbé irin yẹn sókè!”

“Ọwọ́ tí mo fi ń gbé e ló wà létí fìlà yìí, sà. Kò tíì lè wálẹ̀.”

“Ta ló so ó mọ́ ibẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

Ọkọ̀ mẹ́rin ti tò sẹ́yìn. Ẹnì kan yọrí jáde láti inú èyí tó gbẹ̀yìn, ó pariwo pé, “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níwájú níbẹ̀?”

“Wọ́n ń kí ara wọn ni!” ni kọ́púrà dá a lóhùn.

Oníràwọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì na ìka sí ìyá tó lè bí i. “Ìwọ obìnrin yìí, wàá fẹnu fẹ́ra bí abẹ̀bẹ̀!” Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu irin, ó gba ẹnu ọ̀nà kékeré tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ó ti ń lọ ni Màmá Géètì ń yí tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà létí fìlà, títí ó fi yà lẹ́yìn táńkì omi. Ìgbà náà ni ọwọ́ tó wálẹ̀. Kọ́púrà kọ ọ́ sínú ìwé: ìṣẹ́jú méjìlá.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìwé ẹ̀sùn ti dé. Wọ́n ní ó ṣàfojúdi sí ọ̀gá, ó sì dí ọ̀nà bárékè. Tí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ òtítọ́, wọ́n lè yọ ìlà kan lápá rẹ̀, kí ó sì fẹ̀yìntì ní kọ́púrà, ipò tó ti kúrò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlá.

Ọkọ rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tó délé. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìyá wọn, ṣé apá ò ro ọ́?”

“Ó ń ro mí.”

“Lọ bẹ̀ ẹ́, jọ̀ọ́. O ti lúwẹ̀ẹ́ dé bèbè, o wá fẹ́ rì sínú omi tí kò dé orúnkún.”

“Kí ni kí n sọ pé mo ṣe, bàbá wọn? Ṣé kí n sọ pé mo kí i jù?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu télọ̀ kí ó tó mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

“Àwọn tí mo kọ́ pé kí ọwọ́ wọn má wálẹ̀ kò lóǹkà. Ṣé kí n máa wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa?”

Télọ̀ fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀, láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. “Ó dáa. Àmọ́ gbọ́ o. Tí wọ́n bá ní kí á yọ ìlà, kí wọ́n wá télọ̀ tí yóò tú u. Èmi ń rán ni, èmi kì í tú.”

Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn kì í dé fìlà wọlé tọ ọ̀gá àgbà tó ń darí bárékè, ẹni tí kò dé fìlà kì í sì í gbé ọwọ́ kíni. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Géètì ṣe dúró níwájú tábìlì ọ̀gá àgbà, pẹ̀lú irun funfun lórí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtan. Oníràwọ̀ dúró lápá òsì. Ọ̀gá àgbà ka ẹ̀sùn náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Sájẹ́ńtì, tọrọ àforíjì, kí n fa ìwé yìí ya.”

“Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó tò sẹ́yìn ọkọ̀ ọ̀gá yìí, sà. Mo dá wọn dúró. Ti ọwọ́ mi, n kò ní í tọrọ rẹ̀.”

“O mọ ohun tí o fẹ́ pàdánù?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo rí ní géètì yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àná mo fẹ́ mọ ibi tí èkejì wà.”

Ọ̀gá àgbà yíjú sí Oníràwọ̀. “Ṣé o dá a lóhùn?”

“Sà, mo wà lórí fóònù…”

“Mo ní, ṣé o dá a lóhùn?”

“Rárá, sà.”

Ọ̀gá àgbà kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbé ojú sókè. “Kò sí ìdí kan tí a fi lè ti géètì mọ́ ọ̀gá. A ó yọ ìlà kan lápá rẹ̀. Ẹ fún un ní fìlà rẹ̀.”

Wọ́n fún un. Ó dé e, ó fi ìka méjì tẹ́ ẹ dáadáa, ó sì kí ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà dìde dúró kí ó tó dá a lóhùn. Ọwọ́ méjèèjì wálẹ̀. Gbogbo wọn rò pé ó parí. Màmá Géètì bá yí sí Oníràwọ̀, ó gbé ọwọ́ sétí fìlà. Ó dúró.

Fáànù ń yí lókè. Ọ̀gá àgbà kò jókòó, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa lọ. Ó ń wo ojú fèrèsé. Ọrùn Oníràwọ̀ pọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ìka rẹ̀ ya síra, ìgúnpá rẹ̀ sì wọ́. Ká ní ọmọ ogun tuntun ni, Màmá Géètì ì bá ní kó tún un ṣe. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, télọ̀ kò fọwọ́ kan aṣọ náà lóòótọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló mú bíléèdì rẹ̀, tó sì tú ìlà náà, òwú kan tẹ̀ lé òwú kan. Nígbà tó tú u tán, àwọn méjèèjì rí i: oòrùn ti mú kí gbogbo apá aṣọ náà ṣá, àmọ́ ibi tí ìlà bò ṣì dúdú minimini. Ìlà kẹta kò sí níbẹ̀ mọ́, ojú ibẹ̀ sì wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń tọ́jú yàrá aṣọ pè é. “Màmá, ẹ wá gba aṣọ tuntun. Èyí kò bójú mu, ojú ìlà ṣì hàn níbẹ̀.”

“Aṣọ yìí kò tíì ya.”

“Ẹ wá gbà á, màmá. Ọ̀fẹ́ ni.”

“Gbé e pamọ́ fún ẹni tí aṣọ tirẹ̀ ya.”

Aṣọ náà ló wọ̀ dé géètì láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta tó kù. Ọkọ̀ Oníràwọ̀ á dé, ọwọ́ Màmá Géètì á lọ sókè, apá aṣọ náà á sì wà ní ọ̀gangan fèrèsé ọkọ̀. Gíláàsì á sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ inú ọkọ̀ bá gbéra dá a lóhùn ni irin tó máa ń gbéra.