Títì Tó Gba Yàrá Ìyá Kọjá

Èmi ni mo máa ń di ìdí okùn mú bí ọ̀gá mi bá ń wọn ilẹ̀. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé ọ̀dà pupa fún mi. Ilé tí mo bá fi ọ̀dà kùn, ó di wíwó nìyẹn.

Họ́láǹdì ni ọ̀gá ti kàwé, kò sì sí ọjọ́ tí kò ní sọ ọ́. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ, ó ní òkun ga ju ilẹ̀ wọn lọ, pé bí wọn ò bá la ọ̀nà fún omi, gbogbo wọn á rì. "Gbọọrọ ni títì wọn, bí ẹní fa ìlà sórí pépà." Òun náà fa ìlà tirẹ̀. Ó gba agbo-ilé kan kọjá ní Ìlódè.

Yàrá ìyá arúgbó kan ló gbà. Inú yàrá yẹn ni wọ́n sin ọkọ ìyá sí, wọ́n sì ti fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ. Kò tọrọ ju àyè yẹn lọ.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi yà á díẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, níbi tí mo ti kàwé, wọn kì í sin òkú síbi tí èèyàn ti ń sùn. Ẹ̀yìn ìlú ni."

"Ṣebí ẹ ní omi ló wà lábẹ́ wọn? Tí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ nínú yàrá, ṣé kì í ṣe ẹja ni wọ́n máa bá? Ilẹ̀ wọn ni ò gbà fún wọn. Tiwa gbà."

Gbogbo agbo-ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí ọ̀gá nínú.

"Ó dáa. Ẹ fi oórì hàn mí. Èyí tí ojú mi bá rí nìkan ni mo lè yà fún."

Kò sí ohun tí ojú máa rí. Nítorí àwọn ọmọdé tó ń sùn níbẹ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dán ojú oórì mọ́ ilẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní lé e. Mo fi igi lu ilẹ̀. Ó dún bí ibi tí inú rẹ̀ ṣófo.

"Ọ̀gá, ó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ti bàbá bàbá mi ní Modákẹ́kẹ́."

"Èmi ò rí nǹkan kan. Kùn ún."

Mo kùn ún. Ọmọ ìyá tó dàgbà jù tutọ́ sílẹ̀. "Ẹ wo ọmọ Modákẹ́kẹ́! A fún bàbá wọn nílẹ̀, ọmọ wọn wá ń fi ọ̀dà kun ilé wa!" Ìyá ò bú mi ní tiẹ̀. Ó ní kí n rọra, kí ọ̀dà má kán sórí ẹní òun.

Níwájú díẹ̀, a débi ilé epo kan. Ìlà ọ̀gá tí kì í yà, ó yà níbẹ̀.

Mo ti ń wo àwòrán ìlú onílùú lórí fóònù látìgbà náà. Níbi tí oòrùn ti ń pa èèyàn, wọn a jẹ́ kí ọ̀nà há kí òjìji ilé lè bò ó. Níbi tí ilẹ̀ ti ń mì, wọ́n ń kọ́lé tó lè bá a mì. Tiwa, pépà ìlú ẹlòmíì la tẹ́ lé e lórí.

Kí katapílà tó dé, àwọn ọmọ ìyá hú bàbá wọn. Ọ̀sán gangan ni, àwọn èèyàn ń fi fóònù yà á. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó ń bẹ àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n rọra mú orúnkún, pé orúnkún máa ń dun ọkọ òun. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

Itẹ́ òkú lẹ́yìn ìlú ni wọ́n gbé e lọ. Bí òkú bá ṣe ń dé ni wọ́n ń sin ín tẹ̀ léra níbẹ̀, wọn kì í fàyè de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyá náà kú lásìkò òjò, ẹni tí a ò mọ̀ rí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

Mo lọ kí wọn. Ọmọ tó bú mi ló jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí ìyá sin sí tòsí bàbá?"



"Ìwọ lo mọ ilẹ̀ẹ́ wọ̀n. Lọ wọn àárín àwọn méjèèjì."