Rákẹ́ẹ̀tì Méjì láti Ifọ́nyìntẹ̀dó

Lọ́dún tí ọ̀rẹ́ mi kó lọ sí Ìmẹ̀kọ, odindi oṣù kan ni mo fi ń bá ògiri gbá tẹ́nìsì orí tábìlì. Èèyàn á ti tábìlì mọ́ ara ògiri, á máa gbá bọ́ọ̀lù lù ú, bọ́ọ̀lù á sì máa padà wá. Ògiri kì í ṣàṣìṣe, kì í rẹ́rìn-ín, kì í bú èèyàn. Ọ̀rẹ́ mi máa ń bú mi dáadáa. Yàrá kan náà la jọ gbà ní Ìláròó, ọ́fíìsì kan náà la ti ń tẹ̀wé ní pólì, bí a bá sì ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ó di ìdí tábìlì ní kíláàbù àwọn òṣìṣẹ́. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó fẹ́ tíṣà kan ní Ìmẹ̀kọ. Mo jó níbi ìgbéyàwó náà, inú mi sì bàjẹ́.

Ẹ̀yìn kíláàbù náà ni pápá tẹ́nìsì wà, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin mélòó kan ti ń gbá èyí tí wọ́n ń fi rákẹ́ẹ̀tì ńlá gbá. Nígbà tí ògiri sú mi, mo lọ bá èyí tó dàgbà jù nínú wọn, bàbá tó ń tọ́jú láíbìrì. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo fẹ́ máa bá wọn gbá a.

“Máa bọ̀, ọmọ mi,” ó ní. “Ṣùgbọ́n a kì í yá ara wa ní rákẹ́ẹ̀tì níbí o. Kálukú ló ń mú tiẹ̀ wá. Tí o bá ń rà á, má ra èyí tó fúyẹ́. Apá la fi ń gbá tiwa, kì í ṣe ọrùn ọwọ́.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, sà,” mo sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Kí ni bàbá yìí fẹ́ kọ́ mi? Láti ilé ìwé girama ni mo ti ń di báàtì tẹ́nìsì orí tábìlì mú. Agídí mi kò kéré nígbà yẹn, kò sì tíì kéré títí dòní.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Ifọ́nyìntẹ̀dó, torí ibẹ̀ ni àlòkù láti Kutọnu ti máa ń pọ̀. Ìyá kan tẹ́ tiẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò: bàtà, bẹ́líìtì, aago ògiri tí kò ṣiṣẹ́, àti rákẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́jọ tó dì pọ̀ bí igi ìdáná.

“Bọ̀njúù, àǹtí! Ẹ wá wọjà.”

Mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ọrùn ọwọ́ fì wọ́n bí mo ṣe máa ń ṣe sí báàtì. Èyí tó fúyẹ́ jù ló dùn mọ́ mi lọ́wọ́.

“Ọmọdé ló ni ìyẹn o,” ìyá náà wí.

“Òun náà ni mo fẹ́. Èkejì ẹ̀ ńkọ́?”

“Èkejì wo? Ẹyọ kọ̀ọ̀kan la ń tà á.”

Ní tèmi, báàtì kì í dá wà. Méjì-méjì ni wọ́n ń wà nínú páálí, ti ẹni tó ń gbá a àti ti ẹni tó ń dá a padà. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo tún bẹ̀rẹ̀, mo ń wá òmíràn. Èyí tí mo mú wúwo ju ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìdìmú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi kéré. Mo ra méjèèjì. Mọ́tò ti ń sáré lọ sí Ìláròó kí n tó bi ara mi pé, ta ni mo ra èkejì fún? Omi bọ́ lójú mi. Ọkùnrin tó jókòó tì mí béèrè bóyá eruku ló kó sí mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Mọ́ńdè, bọ́ọ̀lù tí mo kọ́kọ́ gbá fò kọjá wáyà, ó bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ìkejì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n àpò mi ni bàbá láíbìrì ń wò.

“Ta ló ni èyí tó wà nínú àpò?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni, sà.”

“Ṣé ó ń bọ̀?”

“Ó ń bọ̀, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tuntun ló ń bá ẹni tuntun gbá a níbí. Dúró dè é.”

Irọ́ tí mo pa wá so mí mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn kíláàbù ni mo ń wà nírọ̀lẹ́ gbogbo, tí mo tún ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Ojoojúmọ́ ni bàbá ń béèrè pé ọ̀rẹ́ mi kò tíì dé ni, n kò sì fẹ́ kó dẹ́kun bíbéèrè, torí bó bá ti béèrè, ó máa ń ṣe mí bíi pé lóòótọ́ ló ń bọ̀. Nígbà tó yá, mo gbé rákẹ́ẹ̀tì kejì náà, ó di Ìmẹ̀kọ. Mo ti là á sílẹ̀ lọ́kàn mi: á máa wá lọ́jọ́ Sátidé, á sùn lọ́dọ̀ mi, á padà ní Sọ́ńdè.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, ó ń yan gàrí. Ó pariwo, ó dì mọ́ mi, ó ní mo ti gbẹ bí ẹja. Ìyá ọkọ rẹ̀ gba rákẹ́ẹ̀tì náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ṣé asẹ́ nìyí? Ojú ẹ̀ mà tóbi jù fún gàrí.” A rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi wá dì í mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le, ìka rẹ̀ ti nípọn.

“Ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù,” ó ní. “Ó ń yí mọ́ mi lọ́wọ́. Ọwọ́ ta lo fi wọ̀n ọ́n?”

“Ọwọ́ ẹ ni.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. “Máa mú un lọ, jàre. Ta ni n ó máa bá gbá a níbí?”

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. Ó bu gàrí gbígbóná sínú ọ̀rá fún mi, ó sì sìn mí dé gáréèjì. Kò sọ pé òun máa wá, èmi náà kò sì bi í.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ti ọmọdé sílẹ̀ nílé. Ìdìmú tẹ́ẹ́rẹ́ ti èkejì bá mi lọ́wọ́ mu.

“Ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́?” bàbá láíbìrì béèrè.

“Kò ní wá mọ́, sà.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu nìyẹn. Bàbá ní kí ló dé tí n kò tètè wí. Ó ní kí n bọ́ sí òdìkejì, òun ló máa bá mi gbá a. Mo bọ́ síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ dé, mo sì fi rákẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ mi dá a padà.