Àgádágodo Ẹnu Ọ̀nà Lábù

Ọjọ́ tí mo pe igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọ̀tá ìmọ̀ lójú gbogbo olùkọ́, inú mi dùn. Bí ìyá mi ni obìnrin náà ṣe dàgbà tó, síbẹ̀ inú mi dùn.

Ìkàrẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ girama wa wà. Físíìsì ni wọ́n gbà mí láti kọ́ àwọn ọmọ. Èmi ni mo dá ẹ̀kọ́ róbọ́ọ̀tì sílẹ̀ fúnra mi, lẹ́yìn tí agogo ìparí bá ti lù. Ọmọ méje ló ń wá. Mọ́tò inú ẹ̀rọ fídíò tó ti bàjẹ́ àti bátìrì fóònù la fi ṣe ọkọ̀ kékeré kan, tó ń rí ìlà dúdú nílẹ̀ tó sì ń tọ̀ ọ́ lọ láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀.

Igbákejì ọ̀gá kò fẹ́ rí i. Bó bá ti ń kọjá, á ní, "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ eré ọmọdé yín? Ṣé èyí ni wọ́n máa bi wọ́n nínú ìdánwò?" Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó wá kó àwọn ọmọ mi lọ gé koríko. Ìyẹn ni mo ṣe bá a dé yàrá olùkọ́ tí mo sì sọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀gá àgbà ní kí n dọ̀bálẹ̀, kí n tọrọ àforíjì. Mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àgádágodo tuntun ti wà lẹ́nu ọ̀nà lábù tí a ti ń ṣiṣẹ́, róbọ́ọ̀tì wa wà nínú rẹ̀, ìdíje róbọ́ọ̀tì tí a fẹ́ lọ ní Ọ̀kà sì ku ọjọ́ mẹ́ta.

"Ìgbà tí o bá mọ ẹni tó jù ọ́ lọ," igbákejì ọ̀gá ní, "wàá rí kọ́kọ́rọ́."

Mo pòṣé lójú rẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé obìnrin yẹn ti ba tiwọn jẹ́. Wọn ò kí i mọ́. Mo rí i, mo sì dákẹ́.

Ọmọbìnrin SS2 kan ni olórí wọn. Ọmọ Arigidi ni. Èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nílé wọn, nítorí náà ó máa ń ro Yorùbá dáadáa kó tó yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, mo rí i pé lábù ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn wà nínú rẹ̀, òun sì ń dè táyà.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn?"

"Mo lọ kúnlẹ̀ fún mà, sà. Mo bá yín bẹ̀ wọ́n."

Ara mi gbóná. "Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Kò gbójú sókè. "Sà, àwa fẹ́ kọ́ róbọ́ọ̀tì. Ẹ̀yin fẹ́ jà."

Mo jáde, mo fi ìbínú ti ilẹ̀kùn.

Mo bá wọn lọ sí Ọ̀kà, ṣùgbọ́n mi ò bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Nínú gbọ̀ngàn, róbọ́ọ̀tì wa ya kúrò lórí ìlà níbi kọ́nà kejì. Ọmọbìnrin náà tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn adájọ́, ó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, ó fi àtàǹpàkò tún ojú tí ọkọ̀ náà fi ń rí ìlà ṣe, ọkọ̀ náà sì rìn dé òpin ìlà. Ipò kẹta la ṣe. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé-ẹ̀rí wá fún mi. Mo kí àwọn mẹ́fà yòókù. Mi ò kí i.

Lọ́jọ́ Ajé, igbákejì ọ̀gá dì mọ́ ọmọ náà níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ó wá wò mí. Mo kọjú sí òkè. Títí dòní, èmi àti obìnrin náà kì í kí ara wa.

Nígbà tí ọmọ náà parí ìwé, ó wá dágbére. Ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá ló kọ́kọ́ yà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì lọ.