Ìgbín Pupa Kwadwo Abrefa

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ wá bá Kwadwo Abrefa ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Suame, àdúgbò àwọn oníṣẹ́ irin ní Kumasi, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló ṣe é. Maame Pokuaa, tó ń fún àdín ní Ejisu, ló gbé èyí wá. Abẹ inú ẹ̀rọ náà ti kán sí méjì. Ó nàka sí ìgbín pupa tí wọ́n kùn sára rẹ̀.

"Wofa Abrefa, ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ni mo wò tí mo fi rà á. Ṣé irú iṣẹ́ tí ẹ wá ń ṣe nìyí?"

Abrefa mí kanlẹ̀. Òun ló ya ìgbín náà bí àmì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tó ronú kan ẹ̀rọ tó ń fọ́ èèpo èkùrọ́ láìrún ọmọ inú rẹ̀. Boadu, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí, ló ń kùn ún sára irin játijàti.

"Maame, ẹ wo bí wọ́n ṣe jó irin yìí pọ̀. Ṣé ọwọ́ mi ń gbọ̀n ni?"

"Èmi ò mọ irin. Ìgbín ni mo mọ̀."

Abrefa bá a tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń kùn sínú. Ọjọ́ pẹ́ tí Konadu ìyàwó rẹ̀ ti ní kó lọ forúkọ ìgbín àti ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Abrefa máa ń ní kí ló kan ìwé nínú ọ̀rọ̀ irin.

Nígbà tó wá gbéra, tó dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní Accra, obìnrin tó bá níbẹ̀ sọ fún un pé Boadu ti mú ìgbín náà wá forúkọ sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ, Abrefa fúnra rẹ̀ ti tà á ní gbangba fọ́dún mẹ́fà. Ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ kò ṣeé fi orúkọ sílẹ̀ bí ohun tuntun mọ́. Ohun tó kù ni kó fi ẹ̀rí hàn pé òun ló kọ́kọ́ lo ìgbín.

Òun àti Konadu tú gbogbo ilé wá fọ́tò àtijọ́. Maame Pokuaa wá jẹ́rìí: ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ Abrefa ṣì ń ṣiṣẹ́, ìgbín wà lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Oṣù mẹ́rìnlá kọjá kí wọ́n tó dá ìgbín padà fún un.

Ẹ̀rọ kò padà. Boadu ṣì ń ṣe é, àkùkọ ló ń yà sí i báyìí, ó sì ń kí Abrefa láràárọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Abrefa á dá a lóhùn, láàárín eyín.